Irú Tí N Kò Kọ Sínú Ìwé

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eruku funfun bo gbogbo àdúgbò wa ní Iléṣà débi pé n kò rí òrùlé ilé kejì, àwọn tó ń kọjá lọ sóko sì fi aṣọ wé etí. Ètè gbogbo èèyàn ti là. Èmi nìkan ni mo ń làágùn. Mo jókòó ti ọpọ́n omi, mo ń fọ irúgbá tí mo sè lánàá, òógùn ń kán láti iwájú orí mi sínú agbọ̀n bí ẹni pé oòrùn ọ̀sán ló ń pa mí. Mo na ọwọ́ láti fa agbọ̀n náà súnmọ́ra, ọwọ́ mi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo tún nà án. Agbọ̀n méjì ni mo ń rí, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, tàbí pé ṣúgà ti pọ̀ jù lára yín, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. N kò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo dé kí wọ́n tó ní kí n wá jókòó ti yèyé mi nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo lè kọ Yorùbá, mo sì lè ka Bíbélì mi, ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Irú ni mo ń ṣe tà. Yèyé mi ló kọ́ èmi àti àbúrò mi, Àbẹ̀kẹ́, ní ìlú wa, Ọ̀tan-Ilé. Ọkọ gbé mi wá sí Iléṣà, mo mú iṣẹ́ náà dání. Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè kan ní Òṣogbo, wọ́n ń gbé ní Igbona, òun kò ṣe irú mọ́, aṣọ ọmọdé ló ń tà. Bí a ṣe ń ṣe irú nìyí: a ó se irúgbá láti àárọ̀ di alẹ́, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó tún un sè, a ó wá dì í pa fún ọjọ́ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde. Lẹ́yìn náà ni a ó fi iyọ̀ sí i, kó má bàa bàjẹ́ kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹni tó ń ṣe irú kì í ka iyọ̀ yẹn sí adùn. Ẹ̀ṣọ́ ni.

Kì í ṣe ọjọ́ ọyẹ́ yẹn ni àìsàn mi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà òjò ni òùngbẹ ti ń gbẹ mí, bí mo mu odidi ike omi kan, bí ẹni tí kò mu nǹkan kan ni. Mo ń tọ̀ ṣáá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èèrà á ti ṣù bo etí póò mi. Mo rí wọn. Mo da omi gbígbóná lé wọn lórí, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Ìpàkọ́ ń fọ́ mi, mo fi róbù ra á. Àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta mí bí ẹni tó tẹ ata, mo ní ọjọ́ orí ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, èèrà ti ń sọ fún mi tipẹ́, èmi ni n kò gbọ́.

Àkọ́bí mi, Fọlá, tó ń ṣe tíṣà, tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń bá mi gbé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, ló bá mi níbi tí mo ti ń fọwọ́ wá agbọ̀n kiri. Ó ní, "Màámi, kí lẹ̀ ń wá?" Mo ní agbọ̀n ni. Ó ní, "Agbọ̀n tó wà níwájú yín yìí?" Ó lọ wọ bàtà.

Ní ọsibítù, èrò ti kún inú ọgbà kí a tó dé. Wọ́n gé páálí kéékèèké, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i, wọ́n fún mi ní tèmi. Bàbá arúgbó kan tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì na ọrùn.

"Ìyá, mélòó lẹ mú?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta."

"Háà. Ẹ máa rí dókítà o. Bí Jésù ò bá kọ́kọ́ dé."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn mí, tí nọ́ọ̀sì so aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, tó fẹ́ ẹ, tó tú u, tó tún fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì, ó wo ojú mi, ó ní, "Màmá, ta ló tẹ̀lé yín wá?" Ẹ̀rù ìbéèrè yẹn bà mí ju ohunkóhun tí wọ́n sọ lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Wọ́n gún ìka mi, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru kọjá ààlà, ṣúgà inú rẹ̀ náà sì ti pọ̀. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìdílé wa ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní n kò mọ̀. Nígbà tó yá ni mo rántí yèyé mi. Ìdí ìkòkò ló ti ṣubú, apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì gbéra mọ́ títí ó fi kú. Àwọn èèyàn sọ pé àwọn ayé ló ṣe é. Dókítà ní bí mi ò bá tọ́jú ara mi, ohun tó ṣe yèyé mi ń bọ̀ wá bá mi. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ro ti ara mi. Lẹ́yìn náà mo ro ti Àbẹ̀kẹ́. Yèyé kan náà ló bí wa.

Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè ni, kò dàgbà tó Fọlá, ló mú mi sí kọ̀rọ̀ kan. Ó ní kí n máa lo oògùn mi lójoojúmọ́, bí ara bá le bí ara kò le. Ó ní kí n ra ìwé ọmọléèwé kan.

"Gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu yín, Màmá, ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀. Iyọ̀, ẹ dín in kù gan-an. Máàgì, ẹ fi sílẹ̀. Ṣúgà, míńrà, súìtì, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀."

"Ògì ńkọ́?"

"Ẹ mu ún láìsí ṣúgà."

"Bí ti aláìsàn?"

"Màmá, ta la wá ń pè ní aláìsàn?"

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé oúnjẹ. Mo fi rúlà Fọlá fa ìlà, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Oògùn wọ́n, n kò ní tan yín, àwọn ọmọ mi ló ń dá a jọ. Ìmọ̀ràn ni kò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé omi ewúro wá, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Ẹnìkan gbé ááyù tí wọ́n rẹ sínú ọtí wá. Ìyá àdúrà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa gbọ́ tí mo ní "ẹ̀jẹ̀ ríru mi", ó fò sókè.

"Má pè é ní tìrẹ! Ẹ̀jẹ̀ ríru ta ni?"

Mo ní, "Tèmi ni o, Màmá. Èmi ni wọ́n so aṣọ mọ́ lápá."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo jẹ́ kí ó bínú. Mo gbàdúrà, mo sì lo oògùn, n kò rí i pé ọ̀kan ń bá èkejì jà.

Ohun tó le ni oúnjẹ. Ẹni tí kò jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀ rí kò ní mọ̀. Bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ló rí lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo gún iyán, mo se ẹ̀gúsí láìsí iyọ̀ láìsí máàgì, mo mú òkèlè kan, mo tì í bọ ọbẹ̀, mo sunkún. Ìyà oúnjẹ ni mo sunkún sí, ojú kò tì mí láti sọ ọ́. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò rí ọbẹ̀ fi jẹ iyán, kí ló tún kù?

Ìgbà yẹn ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lórí. Mo ní, ṣebí irú wà. Àwọn ìyá wa kò mọ máàgì, irú ni wọ́n fi se ọbẹ̀ tí wọ́n fi gbó. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé irú sàn ju máàgì lọ. Mo bu irú ọwọ́ mi, ìlọ́po méjì ohun tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, mo dà á sínú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ náà dùn. Mo jẹun yó lọ́jọ́ yẹn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé: "Ọ̀sán. Iyán. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, kò níyọ̀." Mo fa ìlà sábẹ́ "kò níyọ̀".

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, mo mú Àbẹ̀kẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Kò fẹ́ lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ló ń ṣàìsàn, èmi lẹ fẹ́ kí wọ́n gún." Wọ́n gún un. Ohun tí wọ́n bá lára mi ni wọ́n bá lára rẹ̀. Nígbà tí a dé Igbona, mo ra ìwé fún un, irú tèmi gan-an, aláwọ̀ ewé. Mo ní, "Yèyé kò ní ẹni tó sọ fún un. Àwa ní. Kò gbọdọ̀ mú wa." Mo kọ́ ọ ní ohun tí mo rí. Mo ní kó má fi máàgì kan ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́, irú ni kó máa lò, èmi á máa fi ránṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, mo ń di irú sínú ike, mo ń fún awakọ̀ kan tó mọ̀ wá kó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń pè mí lórí fóònù, a ó ka ìwé wa fún ara wa.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ka tiyín ná."

"Ọjọ́ Ajé. Ògì. Àkàrà mẹ́ta."

"Mẹ́ta! Àkàrà Iléṣà yẹn, tó tóbi bí ìkúùkù? Ẹ kọ mẹ́fà síbẹ̀, mà."

"Àkàrà tìrẹ ní Òṣogbo, ṣé àkàrà nìyẹn? Bọ́tìnì ni. Ó kù, ẹ̀pà ẹ̀kún ọwọ́ kan."

"Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ yín àbí ọwọ́ ọmọ Fọlá?"

A ó rẹ́rìn-ín títí owó fóònù rẹ̀ yóò fi tán. Èmi kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ báyìí.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo padà sí ọsibítù. Ṣúgà ti ń wálẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò wálẹ̀. Lóṣù kejì, wọ́n fi oògùn kún oògùn. Lóṣù kẹta, nọ́ọ̀sì ọmọ Ẹ̀sà-Òkè yẹn ṣí ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó pa á dé.

"Màmá, ìwé yín mọ́ ju ara yín lọ."

"Ṣé opùrọ́ lẹ̀ ń pè mí ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ̀rọ ló ń sọ ọ́."

Inú bí mi. Àdúgbò wa mọ̀ mí pé n kì í purọ́, n kì í fi omi kún irú, n kì í fi òkúta kún òṣùwọ̀n. Mo gba ìwé mi, mo jáde. Nígbà tí a délé, Fọlá tó tẹ̀lé mi wọ ilé ìdáná lọ tààrà, ó gbé ike iyọ̀ tó wà níbẹ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí ẹ rí ìgbéyàwó àwọn ọmọ yìí ni." Àpò iyọ̀ tí mo fi ń ṣe irú wà lẹ́yìnkùlé, kò fọwọ́ kàn án. Tiṣẹ́ nìyẹn. Òun náà kò rò ó.

Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ Àbẹ̀kẹ́, Bàbá Túndé, pè mí. Nọ́ńbà rẹ̀ kì í sábà wọlé sórí fóònù mi.

"Ìyá Fọlá, ẹ máa bọ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Mo bá Àbẹ̀kẹ́ ní ọsibítù. Ẹnu rẹ̀ ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Apá òsì, ẹsẹ̀ òsì, bí ti yèyé wa gan-an. Ó ń wò mí, ojú rẹ̀ mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ ni kò jáde. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ọwọ́ mi. N kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo sọ gbogbo ohun tí mo rò pé ó lè jẹ́, "Ṣé omi ni? Ṣé Túndé ni? Ṣé ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́?" Ó ń mi orí. Títí di òní, n kò mọ̀ ọ́n.

Mo dúró tì í. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń yí i padà, mo ń fi ṣíbí fún un ní ògì. Bàbá Túndé jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, fìlà lórí orúnkún. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹnikẹ́ni tó bá wá kí wa: "Èmi ni. Èmi ni mo ń ra mọ́ọ̀tì, míńrà dúdú yẹn, fún un. Ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọ wò, mo rà á." Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, ní ọ̀sán, mo lọ sá aṣọ rẹ̀ tí mo fọ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé, wọ́n ti fa aṣọ bo ojú rẹ̀.

Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí yèyé wa wà nídìí ìkòkò. Wọn kò jẹ́ kí n dé ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí ẹ̀gbọ́n kì í sin àbúrò. Mo jókòó nínú iyàrá rẹ̀ ní Igbona, mo ń gbọ́ orin àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó ń jìnnà lọ. Ìyàwó Túndé kó àwọn nǹkan rẹ̀ díẹ̀ sínú báàgì fún mi pé kí n mú wọn lọ. Ìwé aláwọ̀ ewé yẹn wà nínú rẹ̀. N kò lè ṣí i. Mo kàn ń gbé báàgì náà kiri.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni ọjọ́ ọsibítù mi. N kò fẹ́ lọ, Fọlá ló mú mi lọ. Nọ́ọ̀sì bá mi kẹ́dùn, ó so aṣọ mọ́ mi lápá. Ẹ̀jẹ̀ mi kò tíì wálẹ̀. Ó ní, "Ẹ fún mi ní ìwé." Mo kì ọwọ́ bọ báàgì, mo fún un. Ó ṣí i, ó ń kà. Mo rí i tó dúró lójú kan, tó ṣí ewé padà, tó tún ṣí i síwájú.

"Màmá, ọwọ́ ìkọ̀wé yìí kọ́ ni tiyín."

Ìwé Àbẹ̀kẹ́ ni mo fún un. Mo fẹ́ gbà á padà, kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó kà á sí mi létí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka Bíbélì fún aláìsàn.

"Ọjọ́rú, ọ̀sán. Ẹ̀bà. Ọbẹ̀ ilá. Irú Ẹ̀gbọ́n mi, ṣíbí mẹ́ta. Ó dùn. Ọjọ́bọ̀, alẹ́. Ẹ̀wà. Irú Ẹ̀gbọ́n mi, ṣíbí méjì. Ìsinmi. Mọ́ọ̀tì kan. N kò ní ka èyí fún Ẹ̀gbọ́n mi."

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń já bọ́ lójú mi. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín.

"Irú yìí, Màmá, ta ló ṣe é?"

"Èmi ni. Iṣẹ́ mi ni."

"Ẹ̀ ń fi iyọ̀ sí i?"

"Irú tí kò níyọ̀, ṣé á dé ọjà? Ìdin ni á kó."

Mo gbọ́ ohun tó ti ẹnu mi jáde. Nọ́ọ̀sì náà gbọ́ ọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ń kọ́ ikọ́.

Ó ní, "Ẹ kò kọ ọ́ sínú ìwé tiyín rí, mà. Kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ kò kọ ọ́."

Mo ní, "Irú kì í ṣe oúnjẹ." Bí mo ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń rán aṣọ kì í ka òwú. Ojoojúmọ́ ni mo sì ń ju wóró irú sẹ́nu láti mọ̀ bóyá iyọ̀ ti wọ̀ ọ́, bí ìgbà ogún lóòjọ́, n kò kọ ìyẹn náà, nítorí títọ́wò kì í ṣe jíjẹ. Mo lé iyọ̀ jáde ní ilẹ̀kùn iwájú, mo fi ọwọ́ ara mi gbà á wọlé lẹ́yìnkùlé, mo sì dì í sínú ike, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá mi.

Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá irú yẹn ló pa á. Ó ní òun kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé, ó sì béèrè bóyá àbúrò mi ń lo oògùn déédéé. Mo ní ó ń fo ọjọ́ mìíràn, pé ó ní òyì ń kọ́ òun lójú bí òun bá lò ó. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i." Ṣùgbọ́n kò sọ pé kì í ṣe irú. Mo ń retí pé kó sọ ọ́, kò sọ ọ́.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wà lónìí. Mo wà láàyè. Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, kò wálẹ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kì í béèrè ẹni tó tẹ̀lé mi wá mọ́. Ojú òsì mi ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n ní kò ní padà. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ mi méjì kò mọ̀ bí òkúta bá gbá wọn, nítorí náà mo ń wò wọ́n láàárọ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Mo ṣì ń ṣe irú. Èyí tó wà fún ìkòkò tèmi, n kì í fi iyọ̀ sí i, mo ń sá a sóòrùn kó gbẹ, díẹ̀ ni mo sì ń bù. Èyí tí mo ń tà, mo ń sọ fún oníbàárà pé, "Iyọ̀ wà níbẹ̀ o, má tún fi iyọ̀ sọ́bẹ̀." Àwọn mìíràn a máa pòṣé, wọn á ní ṣé mo fẹ́ tà ni àbí mo fẹ́ wàásù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé oúnjẹ, ẹ má kọ ohun tí ẹ jókòó jẹ nìkan. Ẹ kọ èyí tí ẹ tọ́ wò. Ẹ kọ èyí tí ẹ rò pé kì í ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ ọwọ́ yín, tí ẹ fi gbogbo ayé yín mọ̀, òun gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ó wá ku ọjọ́ kejì. Mo jí, mo lo oògùn mi, n kò sọ ibi tí mò ń lọ fún Fọlá. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Bàbá Túndé nìkan ló wà nílé ní Igbona, ó jókòó síta lórí àga rẹ̀, irùngbọ̀n ti bo ojú rẹ̀. Kí n tó kí i tán, ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Fọlá, ẹ rí mi. Mọ́ọ̀tì yẹn. Bí mo bá mọ̀..."

Mo ní, "Bàbá Túndé, ẹ dákẹ́ ẹ gbọ́ mi." Mo dúró ni, n kò jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, irú, iyọ̀, ike tí mo ń fi ránṣẹ́, bí mo ṣe sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé kó jẹ ẹ́ dáadáa. Mo sọ ọ̀rọ̀ oògùn tó ń fò pẹ̀lú, kí n má bàa tún fi ìdajì sílẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Mo parí. Ọkọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin kọjá ní títì.

Ó ní, "Ṣé òun mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú rẹ̀?"

Mo lè sọ pé ó mọ̀. Yèyé kan náà ló kọ́ wa. Ṣùgbọ́n èmi ni ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo bá sọ ló ń ṣe láti kékeré.

Mo ní, "Èmi ni mo yẹ kí n rántí."

Ó dìde, ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó wọlé lọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, mo ti ń wá ọ̀nà tí mo máa gbà lọ. Ó jáde padà pẹ̀lú ife omi kan. Ó gbé e fún mi, omi náà ń dà sí mi lára. Ó fà mí jókòó sórí àga tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì mí, ó sì bá mi di ife náà mú títí mo fi lè mu ún.